Cadillac: ohun tó gbé e ga, ohun tó jù ú sílẹ̀, àti ohun tó yẹ kí ará Òṣogbo wò kó tó ra tòkunbọ̀ rẹ̀

Bí Cadillac tòkunbọ̀ bá wọ ọgbà mẹkáníìkì ní Òṣogbo, ìbéèrè tó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu ẹni tó fẹ́ rà á ni pé, "Ọ̀gá, ṣé kò ní ná mi lówó jù?" Kò sí ìdáhùn kan ṣoṣo, torí orúkọ kan náà ló wà lára ọkọ̀ tó lè sin èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún àti ọkọ̀ tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi owó rẹ̀ rà. Ọdún tí wọ́n ṣe é àti ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìdí nìyí tí ìtàn ilé iṣẹ́ náà fi wúlò fún ẹni tó ń wá ọkọ̀. Ohun kan náà ló ń gbé wọn ga tó sì ń jù wọ́n sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: bí wọ́n bá fara balẹ̀ wọn nǹkan, tí wọ́n dán an wò kó tó dé ọwọ́ oníbàárà, gbogbo ayé ń tẹ̀ lé wọn, bí wọ́n bá kánjú, oníbàárà ni wọ́n ń fi dán an wò.

Ní 1902 ni wọ́n dá Cadillac sílẹ̀ ní Detroit, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, láti inú ilé iṣẹ́ kan tí Henry Ford bá wọn dá, tó sì fi sílẹ̀. Àwọn olówó ibẹ̀ ti fẹ́ tú u ká. Wọ́n pe Henry Leland kó wá díye lé àwọn ẹ̀rọ, kí wọ́n lè tà wọ́n. Leland ní kí wọ́n má tà á, pé òun ní ẹ́ńjìnnì tó dáa lọ́wọ́. Wọ́n fi orúkọ Antoine de la Mothe Cadillac, ará Faransé tó tẹ Detroit dó ní 1701, sọ ọkọ̀ náà. Leland ti ṣiṣẹ́ rí ní Brown & Sharpe, níbi tí wọ́n ti ń ṣe irinṣẹ́ ìwọ̀n, kò sì fẹ́ràn "ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu" rárá.

Ní 1908, wọ́n mú Cadillac mẹ́ta lọ sí pápá eré ọkọ̀ Brooklands nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta palẹ̀, wọ́n da gbogbo páàtì wọn pọ̀ mọ́ra, wọ́n yọ 89 kúrò nínú rẹ̀, wọ́n sì kó 89 mìíràn wá láti ibi tí wọ́n ti ń tà á. Spánà àti sukudíráfà ni wọ́n fi tò wọ́n padà. Ẹni tó bá ti rí bí a ṣe ń fi fáìlì rẹ́ páàtì tí kò fẹ́ wọlé yóò mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe tóbi tó láyé ọjọ́un. Nígbà tí wọ́n tò wọ́n tán, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sáré 500 máìlì lórí pápá náà. Wọ́n gba ife ẹ̀yẹ Dewar fún un. General Motors (GM) ra ilé iṣẹ́ náà ní 1909, wọ́n sì tún gba ife ẹ̀yẹ yẹn fún ọkọ̀ wọn ti 1912, torí sítátà tí Charles Kettering ṣe. Ṣáájú ìgbà náà, irin ni awakọ̀ fi ń yí ẹ́ńjìnnì níwájú. Bí ẹ́ńjìnnì bá ta á padà, ó lè ṣẹ́ ọwọ́ èèyàn. Ẹ́ńjìnnì V8 wọn, onísilíńdà mẹ́jọ, tẹ̀ lé e fún ọdún 1915. Ní 1917 Leland bínú jáde, ó lọ dá Lincoln sílẹ̀, èyí tí Ford rà ní 1922. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló bí àwọn ọkọ̀ ọlọ́lá méjèèjì tó ń bá ara wọn jà ní Amẹ́ríkà títí dòní.

Oṣù kìíní 1930 ni wọ́n gbé V16 jáde, ẹ́ńjìnnì onísilíńdà mẹ́rìndínlógún, lítà 7.4. Ọjà ìdókòwò New York sì ti wó ní oṣù kẹwàá ọdún tó ṣáájú. Ọkọ̀ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó lé díẹ̀ péré ni wọ́n rí tà láàárín ọdún mọ́kànlá. Ẹni tó gba Cadillac sílẹ̀ nígbà náà ni Nicholas Dreystadt, ọmọ Jámánì tó ń bójú tó àtúnṣe ọkọ̀. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn èèyàn dúdú, dókítà, akànṣẹ́, olórin, ló ń kó Cadillac wá fún àtúnṣe, bẹ́ẹ̀ òfin ilé iṣẹ́ ni pé wọn ò gbọdọ̀ tà fún wọn. Òyìnbó ni wọ́n ń fún lówó kó bá wọn rà á. Dreystadt ní kí wọ́n tà á fún wọn ní tààrà. Wọ́n gbọ́, ọjà yá, òun náà sì di ọ̀gá pátápátá ní 1934. Ó yẹ kí àwa tó fẹ́ràn ọkọ̀ yìí máa rántí pé owó èèyàn dúdú wà nínú ohun tó gbà á lọ́wọ́ ikú.

Ìgbà ọlá wọn gan-an bẹ̀rẹ̀ ní 1948, nígbà tí Harley Earl, ọ̀gá àwọn tó ń ya àwòrán ọkọ̀ GM, fi ìyẹ́ kékeré sí ẹ̀yìn ọkọ̀, tó rí i lára ọkọ̀ òfuurufú ogun P-38. Ní 1949 wọ́n fi V8 tuntun tó ní agbára ẹṣin 160 sí i. Ìyẹ́ yẹn ń ga sí i lọ́dọọdún títí ó fi dé góńgó ní 1959.

Ọdún 1973 ni nǹkan yí padà. Epo rọ̀bì wọ́n gógó lágbàáyé. Ọ̀wọ́n yẹn ló kó owó rẹpẹtẹ wọ Nàìjíríà, òun náà ló sì ká Cadillac mọ́ ibi tí ẹ́ńjìnnì lítà 8.2 wà nínú Eldorado. Wọ́n ní láti dín ìmu epo kù kíákíá, ibẹ̀ ni ìkánjú ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gba dísẹ́ẹ̀lì lítà 5.7 tí Oldsmobile ṣe fún ọdún 1978. Ìfúnpọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ 22.5 sí 1, ó ga ju ti bẹntiróò lọ dáadáa, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe to bóòtì tọ́ọ̀pù silíńdà ti bẹntiróò ni wọ́n to tirẹ̀, bóòtì ń fà, gásíkẹ́ẹ̀tì ń bẹ́. Kò tún ní ohun tó ń yọ omi kúrò nínú dísẹ́ẹ̀lì, pọ́ǹpù ń dípẹtà. Ní 1981 wọ́n mú V8-6-4 wá, tó ń pa silíńdà méjì tàbí mẹ́rin bí ọkọ̀ bá ti já geere. Èrò náà dáa, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn lọ́ra jù, ọkọ̀ ń ta gìrì lójú ọ̀nà, ọ̀pọ̀ onímọ́tò sì ní kí wọ́n gé wáyà rẹ̀. Ní 1982 ni ẹ́ńjìnnì HT4100, lítà 4.1: alumíníọ̀mù nísàlẹ̀, irin lókè. Bí ó bá gbóná, méjèèjì kì í fẹ̀ bákan náà, omi sì ń wọ inú ọ́ìlì. Ọdún yẹn kan náà ni Cimarron, ọkọ̀ kékeré tó jẹ́ Chevrolet Cavalier olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi awọ bo àga rẹ̀, ẹ́ńjìnnì lítà 1.8. Ìyẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó bàjẹ́ ṣeé tún ṣe. Ẹni tó san owó Cadillac tó bá Cavalier nílé, ta ló máa bá a tún ọkàn rẹ̀ ṣe?

Nígbà tí Lexus fi LS 400 hàn ní Detroit ní 1989, àwọn tí inú ti ń bí tẹ́lẹ̀ kò pẹ́ kí wọ́n tó lọ. Ní 1998, Lincoln tà ju Cadillac lọ ní Amẹ́ríkà, torí jíìpù rẹ̀ tó ń jẹ́ Navigator. Cadillac náà sáré lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ jíìpù GMC Yukon Denali, ó di Escalade 1999. Ti 2002 ló dáa, ti 2007 sì dáa jù ú lọ. CTS 2003 ni ọkọ̀ kékeré àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n jókòó ṣe fúnra wọn. Lónìí wọ́n ń ta Lyriq tó ń lo iná mànàmáná, bátìrì 102 kWh. Láti inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé lásán, yóò gbà ju wákàtí 40 lọ kó tó kún. Ẹ fi iná tí à ń rí ní Òṣogbo wò ó.

Ó ku èyí tó ń wọlé sọ́dọ̀ wa. Nọ́ńbà ṣáásì ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, kì í ṣe ìwé tí olùtà ń nà síni. Nínú àmì mẹ́tàdínlógún rẹ̀, èkẹwàá ló ń sọ ọdún: 3 ni 2003, 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011.

CTS 2003 àti àwọn ti 2004 tó ní ẹ́ńjìnnì 3.2: ìdílé Opel ló ti wá, ìyẹn V6 tí àwọn mẹkáníìkì wa mọ̀ lára Omega. Bẹ́ẹ̀lì ló ń yí táímìn rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ bẹ́ẹ̀lì náà, àwọn púlè rẹ̀ àti pọ́ǹpù omi lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á, torí bó bá já, fáàfù á tẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ́ìlì nínú rédíétọ̀ rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yára tú tọ́ọ̀pù silíńdà. Ohun tó ń tu ọ́ìlì lára wà ní àárín ẹ́ńjìnnì náà, òun ló sábà máa ń jò.

Ẹ́ńjìnnì 3.6 tó tẹ̀ lé e nínú CTS àti SRX, jíìpù wọn tó kéré sí Escalade, ń lo ṣéènì mẹ́ta. Ṣéènì yìí máa ń fà. Ohun tó fà á ni pé kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń jẹ́ kí ọ́ìlì pẹ́ jù kó tó ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, GM sì yí ìṣirò náà padà nígbà tó yá. Bí skánà bá mú P0008, P0009, tàbí èyíkéyìí láti P0016 dé P0019 jáde, ṣéènì ni, kì í ṣe sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n fẹ́ tà fún yín. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí wọ́n pààrọ̀ pa pọ̀, pẹ̀lú àwọn ohun tó ń fà wọ́n le. Ọ́ìlì rẹ̀ jẹ́ 5W-30, nǹkan bíi lítà 5.7, ẹ má sì jẹ́ kó kọjá 5,000 kìlómítà nínú erùku tiwa.

Ẹ́ńjìnnì Northstar 4.6 ló nílò sùúrù jù. Ọdún 1993 ni wọ́n gbé e jáde, ẹ́ńjìnnì tó dùn ún wà ni, bóòtì tọ́ọ̀pù silíńdà rẹ̀ ló ń dá a lẹ́bi: alumíníọ̀mù ni ara ẹ́ńjìnnì, ooru á sọ ọ́ di rírọ̀, tírẹ́ẹ̀dì á sì fà yọ mọ́ bóòtì. Kúláǹtì á máa dín kù láìsí ibi tó ń kán sí. Géèjì á máa gòkè bí ọkọ̀ bá ń gun òkè. Ní òwúrọ̀, kí ẹ tó tan án, ẹ tẹ họ́ọ̀sì òkè rédíétọ̀: bó bá le gbagidi, gáàsì ti ń wọ inú omi. Mẹkáníìkì tó bá ní òun á pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì nìkan, yóò padà gbowó lọ́wọ́ yín láìpẹ́. Ohun tó tọ́ ni kí wọ́n lu ihò bóòtì fẹ̀, kí wọ́n de irin tó ní tírẹ́ẹ̀dì sínú rẹ̀, ogún ihò pátá, kì í ṣe èyí tó yọ nìkan. Sítátà rẹ̀ náà wà lábẹ́ manífóòdù, láàárín ẹ́ńjìnnì. Iṣẹ́ tó rọrùn lára Camry di iṣẹ́ ńlá níbẹ̀.

SRX 2010 sókè: ẹ ṣí kápẹ́ẹ̀tì níwájú, kí ẹ fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀. Họ́ọ̀sì kékeré tó ń da omi gíláàsì òkè nù máa ń fà sẹ́yìn kúrò níbi tí wọ́n kì í sí, òjò á wá máa rọ sí abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, níbi tí wáyà wà. Nínú òjò oṣù kẹfà tiwa, ríwáyà ni yóò máa jẹ èrè rẹ̀.

Escalade ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fẹ́. Ti 2007 sí 2009, ẹ́ńjìnnì 6.2, agbára ẹṣin 403, ni èmi á yàn. Láti 2010 ni wọ́n ti dá èrò 1981 padà sínú 6.2 yìí, tó ń pa silíńdà 1, 4, 6 àti 7. Kọ̀ǹpútà ti yára báyìí, ṣùgbọ́n lífítà, ohun tó ń ti fáàfù, nínú àwọn silíńdà mẹ́rin yẹn máa ń há. Ẹ má jẹ́ kí olùtà ti tan ọkọ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó dé, torí pé bó bá tutù ni kẹ́kẹ́kẹ́ rẹ̀ máa ń hàn jù. Àwọn ti 2021 sí 2024 tún wà nínú èyí tí GM ké sí padà ní oṣù kẹrin 2025 nítorí béárìn inú ẹ́ńjìnnì. Èyí tí àyẹ̀wò bá gbà kọjá, wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ láti 0W-20 sí 0W-40. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti ṣe é kó tó wọkọ̀ ojú omi. Ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ náà, bó bá jẹ́ èyí tó ní wáyà, iye rẹ̀ yóò yà yín lẹ́nu. Kòtò ọ̀nà kì í pẹ́ pa á.

Lórí epo: ọ́kítéènì 91 (ìwọ̀n bí epo ṣe ń fara da ìfúnpọ̀) tí Cadillac kọ sínú ìwé fún 6.2 kì í ṣe 91 tí à ń rà nílé epo wa. Ìṣirò Amẹ́ríkà yàtọ̀, tiwa kò ju nǹkan bíi 87 tiwọn lọ. Escalade á fara dà á, agbára rẹ̀ á kàn dín díẹ̀. CTS-V, ẹ̀yà CTS tó ń sáré jù, tó ní agbára ẹṣin 556, kò ní fara dà á bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó lè jo písítìn.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wa ọkọ̀ náà láti Òkè-Fìà wá sí Ọlaiya lọ́sàn-án gangan, kí AC wà lórí, kí ẹ dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ fún ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ẹ gba ọ̀nà Ìkìrun lọ, kí ẹ sáré díẹ̀. Bí ọwọ́ géèjì bá kúrò láàárín, kò sí ẹ̀dínwó tó tó láti fi gbà á.