Tíṣà kọ "mo lè ṣe é" sí gbogbo ojú ìwé

Bàbá mi fúnra wọn ni wọ́n kọ fọ́ọ̀mù Attendance Allowance wọn, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Tíṣà ni wọ́n ní Ìkéré-Èkìtì kí wọ́n tó wá ṣiṣẹ́ ní Manchester. Àrùn rọpárọsẹ̀ tó mú wọn ní apá àti ẹsẹ̀ òsì kò sì kan ọwọ́ ọ̀tún tí wọ́n fi ń kọ̀wé, nítorí náà lẹ́tà wọn gún régé títí dé ìparí. Ohun tí wọ́n kọ ló pa wá lára. Ṣé ẹ nílò ìrànlọ́wọ́ láti wẹ̀? Mo lè ṣe é bí mo bá rọra ṣe é. Láti wọṣọ? Mo lè ṣe é. Láti dìde lórí bẹ́ẹ̀dì? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nígbà tí lẹ́tà dé pé kò sí owó kankan, ta ni kí n bínú sí?

Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń san owó yìí fún àgbàlagbà tó ti tó ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì, tí àìsàn mú kó nílò ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ tàbí máa ṣọ́ ọ, tó sì ti wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù 6 ó kéré tán. Wọn kì í wo iye tó wà ní báńkì. Láàárín oṣù kẹrin 2025 sí oṣù kẹrin 2026, £73.90 lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń san fún ẹni tó nílò ìtọ́jú lọ́sàn-án tàbí lóru, £110.40 fún ẹni tó nílò rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Òbí tó wá kí ọmọ pẹ̀lú físà àbẹ̀wò kò sí níbẹ̀ o. Mo ń sọ ọ́ nítorí àwọn ará ilé tó ti ń pè mí pé kí n bá wọn gba ti ìyá wọn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé òfin kò béèrè bóyá ẹnìkan ń ràn ọ́ lọ́wọ́. Bóyá o nílò rẹ̀ ló ń béèrè. Bàbá tó ń dá wọ ṣòkòtò fún odidi wákàtí kan, tó ń di ògiri mú kó má baà ṣubú, nílò ìrànlọ́wọ́, bí kò tilẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá.

Bí wọ́n bá kọ̀ yín, ẹ ò lè ti ibẹ̀ gba iwájú ìgbìmọ̀ olùgbẹ́jọ́ (tribunal) lọ tààrà. Ẹ ní láti kọ́kọ́ ní kí iléeṣẹ́ tó kọ̀ yín tún ọ̀rọ̀ náà wò, láàárín oṣù kan sí déètì orí lẹ́tà wọn. Mandatory Reconsideration nìyẹn. A béèrè, wọ́n tún un wò, wọ́n ní ibi tí àwọn wà náà làwọn wà. Lẹ́tà kejì yẹn lẹ ó so mọ́ fọ́ọ̀mù SSCS1, èyí tí wọ́n fi ń gbé ẹjọ́ lọ síwájú ìgbìmọ̀ náà, oṣù kan lẹ tún ní, kò sì sí kọ́bọ̀ tí ẹ ó san. Kí Bàbá tó buwọ́ lù ú, kí wọ́n sì gbà kí n ṣojú wọn, ìrọ̀lẹ́ kan gbáko ló lọ sí i. "Kí ni mo fẹ́ máa bẹ ìjọba sí?" Mo ní owó orí tí ẹ ti ń san látọjọ́ yìí ńkọ́? Wọn ò dáhùn, ṣùgbọ́n wọ́n gba bírò.

Kí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó pé, a lọ sí Ìkéré fún ìsìnkú ẹ̀gbọ́n wọn. Ibẹ̀ ni ẹ̀rí wa ti wá. Nínú agboolé wa, tí àpáta Olósùnta ń wò wá lókè, kò sẹ́ni tó bi Bàbá pé ṣé wọ́n lè ṣe é. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí ọmọ àbúrò wọn kan á ti gbé omi gbígbóná sí balùwẹ̀, á bá wọn fi kànrìnkàn dé ẹ̀yìn, á dúró lẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n á fi jáde. Òmíràn á kọ́kọ́ ki apá òsì bọ agbádá fún wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹnìkan ti wà níwájú. Kí iyán tó dé iwájú wọn, Àǹtí mi, àbúrò wọn obìnrin, ti gé ẹran sí wẹ́wẹ́. Àgbà ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ la sì ṣe ń ṣe fún àgbà, kò sẹ́ni tó pè é ní ìtọ́jú aláìsàn, Bàbá gan-an kò kà á kún nǹkan kan. Ní Manchester, tí àwọn ọmọ yẹn kò sí, èmi àti àbúrò mi ń ṣe ìwọ̀n tí iṣẹ́ bá gbà wá láyè. Ìyókù, wọ́n á bá a jà tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀. Wọ́n ti sùn mọ́jú rí nínú aṣọ tí wọ́n wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo ra ìwé kékeré kan, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀: aago mélòó, kí ni wọ́n bá wọn ṣe, báwo ló ṣe pẹ́ tó. Àǹtí ní, "Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ wa lò ń kọ ni?" Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, àwọn náà ní kí ọmọ wọn mú bírò wá. Lẹ́tà tiwọn dára ju tèmi lọ, nítorí àwọn ló ń gbọ́ nígbà tí Bàbá bá ń pe ènìyàn lóru láti mú wọn lọ sí ilé ìgbẹ́. Òṣìṣẹ́ Citizens Advice kan, àwọn tó ń gba ará ìlú nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, sì ti là mí lóye pé bí ara ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ìpinnu ni ìgbìmọ̀ ń wò, kì í ṣe bó ṣe rí lónìí. Nítorí náà, níwájú ohun kọ̀ọ̀kan, mo kọ ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ènìyàn mẹ́ta ló jókòó gbọ́ wa: adájọ́, dókítà, àti ẹnìkan tó mọ ìgbé ayé àwọn tí ara wọn kò dá ṣáṣá. Dókítà béèrè bí ara ṣe rí. Bàbá ní ara le, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run. Orí mi gbóná. Adájọ́ wá ní kí wọ́n sọ gbogbo ohun tí wọ́n ṣe láàárọ̀ yẹn kí wọ́n tó kúrò nílé, lẹ́sẹẹsẹ. Ha! Tíṣà kì í fo ẹsẹ kankan nínú ẹ̀kọ́. Bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n pa tì, àga tí wọ́n fà mọ́ra kí wọ́n tó lè dìde, èmi tí wọ́n ń pè láti ìsàlẹ̀, wọ́n sọ ọ́ tán.

Wọ́n dá wa láre ti ọ̀sán, wọ́n sì ní kí wọ́n san án láti ọjọ́ tí a ti béèrè. Wọn ò gba ti òru. Èmi gbà pé lẹ́tà Àǹtí tó o, ṣùgbọ́n ibi tó kàn lókè, àṣìṣe òfin nìkan ni wọ́n ń gbọ́, Bàbá sì ti ní ó tó.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ báyìí ni pé bí wọ́n bá kúrò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ju ọ̀sẹ̀ 13 lọ, tí kì í ṣe fún ìtọ́jú ìṣègùn, owó náà yóò dúró. Bàbá sì ti ń múra láti lo oṣù mẹ́fà ní Ìkéré. Mo ní ẹ jẹ́ ká máa ka ọ̀sẹ̀. "Kí n máa ka ọ̀sẹ̀ ní ulé bàbá mi?" Wọ́n ní kí n kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n máa mú owó wọn lọ. Mi ò tíì kọ ọ́.