Arábìnrin Tó Máa Ń Tètè Dé

Ilé ìkẹ́rùsí ni ṣọ́ọ̀ṣì wa tẹ́lẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Old Kent Road ní London. Ẹni tó bá mọ àdúgbò yẹn mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì ló kángun sí ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀. Lọ́dún 2013, àwọn olùwádìí láti yunifásítì Roehampton ka ìjọ àwa aláwọ̀ dúdú ní Southwark nìkan, ìjọba ìbílẹ̀ tí àdúgbò wa wà, wọ́n rí 240. Ẹni tó bá ní òun ò ríbi gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ní Southwark, kò wá a ni.

Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà fún ẹ̀kọ́ Bíbélì alẹ́ Tọ́sìdeè. Aago méje la máa ń bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́fà ni mo máa ń dé láti tan hítà. Àbúrò kan wà tó máa ń ṣíwájú mi débẹ̀. Màá bá a lẹ́nu ọ̀nà, tó ká ọwọ́ méjèèjì sínú kóòtù. Mo máa ń yìn ín lójú gbogbo èèyàn: "Ẹ wo àbúrò wa, ẹ kọ́ ìtara lọ́dọ̀ rẹ̀." Á kàn rẹ́rìn-ín.

Ní November 2024, ìwé Jákọ́bù là ń kà. A dé orí kejì, ibi tí wọ́n ti sọ ti ẹni tí kò láṣọ, tí kò rí oúnjẹ òòjọ́, tí ẹnì kan wá ní kó máa lọ ní àlàáfíà, kó lọ yó. Pásítọ̀ béèrè pé kí ni ìgbàgbọ́ tí kò ní iṣẹ́. "Òkú ni!" Ẹnu pásítọ̀ ò tíì pa dé tí mo ti dáhùn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Àbúrò yìí jókòó tì mí, ó ń pàtẹ́wọ́ bíi tiwọn.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, a pín ìrẹsì lẹ́yìn ìsìn. Ó jẹ ṣíbí mẹ́ta, ó dé e, ó tì í sínú báàgì. Mo bá a ṣeré: "Ta lo ń gbé e lọ fún?"

"Àǹtí, ti ọ̀la ni."

Mo fi mọ́tò gbé e délé lọ́jọ́ náà. Yàrá rẹ̀ tutù ju ìta lọ. Mítà iná rẹ̀, irú èyí tí èèyàn ń sanwó sí kó tó lò, ti ka òdo. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé hítà wa ló ń sáré wá bá.

Físà iṣẹ́ kíà, ìyẹn iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó àti aláìsàn, ló gbé e wá. Ìjọba gba ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń gba àjèjì síṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ kọ́ńpìnì tó mú un wá, Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí físà, sì fún un ní ọgọ́ta ọjọ́ láti wá sponsor mìíràn, ìyẹn kọ́ńpìnì tó ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, tàbí kó padà sílé. Físà rẹ̀ ò jẹ́ kó gba owó ìrànwọ́ ìjọba. Ẹnì kan tún ti dẹ́rù bà á pé bó bá gba oúnjẹ ní foodbank, ibi tí wọ́n ti ń fún aláìní lóúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́, á ba ìwé físà rẹ̀ jẹ́. Irọ́ ni. Nígbà tí mo pe Citizens Advice, àjọ tó ń gba aráàlú nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ṣàlàyé pé oúnjẹ foodbank kò sí lára owó ìjọba tí wọ́n fòfin dè, wọ́n sì bá wa ṣe ìwé tí a fi gbà á. Ìpè yẹn ò pẹ́. Mo ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ẹsẹ Bíbélì kan ṣoṣo.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ó ti sọ fún ẹgbẹ́ àdúrà pé "ọ̀rọ̀ iṣẹ́" ń da òun láàmú. A gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí ebi ń pa, a tún ní kó gbààwẹ̀! Bí mo bá sì béèrè pé báwo ni nǹkan, "A dúpẹ́" ló máa ń sọ, èmi náà á sì kọjá lọ. Mo ti ń rò ó láti ìgbà náà pé bóyá ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló tàn wá jẹ: ìgbàgbọ́, a gbà, a gbọ́. Etí ló parí sí.

Oúnjẹ foodbank pa wá lẹ́rìn-ín. Ẹ̀wà inú agolo tó lúwẹ̀ẹ́ nínú ọbẹ̀ tòmátò dídùn! A fomi ṣan adùn rẹ̀ dànù, a da epo pupa àti ata tí a rà ní Rye Lane sí i. Ó fẹ́ẹ̀ẹ́ jọ ẹ̀wà.

Arákùnrin kan tó mọ kọ̀ǹpútà dáadáa nínú ìjọ ṣa àwọn ilé ìtọ́jú arúgbó jáde nínú orúkọ àwọn sponsor tí ìjọba gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. A pín in láàárín ara wa, a ń pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ò dáhùn. Àwọn kan já fóònù mọ́ wa létí. Nígbà tó ku ọjọ́ méje péré, ibì kan ní Leeds gbà á. Ìkòkò mi ló fi di ẹrù ata lọ, kò sì tíì dá a padà.

N kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ka orí kẹta, èyí tó sọ̀rọ̀ ahọ́n. Ojú ewé tó yẹ kí n kọ ọ́ sí nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, nọ́ńbà fóònù àwọn ilé ìtọ́jú arúgbó ló kún un.