Orúkọ ọmọ ni wọ́n ń kà ní England, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń kà ní Nàìjíríà

Àwọn òbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé England kì í sábà ka fọ́ọ̀mù oúnjẹ ọ̀sán ọ̀fẹ́ sí. Àwọn ọmọ Reception, Year 1 àti Year 2, ìyẹn kíláàsì mẹ́ta àkọ́kọ́, ń jẹ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ láìwo àpò òbí wọn. Kí ni wọ́n tún ń kọ fọ́ọ̀mù fún? Ọ̀rọ̀ náà ju oúnjẹ lọ. Tí òbí bá kọ ọ́, tí ìjọba sì rí i pé owó tó ń wọlé fún un kéré, ni ilé ẹ̀kọ́ sábà ń rí owó pupil premium gbà lórí ọmọ náà, ìyẹn àfikún owó tí ìjọba ń fún ilé ẹ̀kọ́ nítorí ọmọ tí nǹkan kò rọrùn fún.

Láti 2011 ni owó yìí ti wà. Ní 2025 sí 2026, £1,515 ni lórí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, £1,075 lórí ọmọ girama, £2,630 lórí ọmọ tó wà lábẹ́ ìtọ́jú káńsù. Ọmọ tí wọ́n bá ti kọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi ń kà á mọ́ àwọn tí owó yìí wà fún, kódà kí òbí rẹ̀ ti rí iṣẹ́ gidi. Àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ ń ṣe ní oṣù kẹwàá ni wọ́n fi ń ṣírò owó náà, ẹni tó bá kọ tirẹ̀ ní oṣù kọkànlá ti pẹ́. Ìbẹ̀rù físà ló ń dá àwọn ará wa dúró jù: ẹni tí físà rẹ̀ kò gbà kó jẹ nínú owó ìrànwọ́ ìjọba lè béèrè oúnjẹ yìí bí owó rẹ̀ kò bá ju iye tí wọ́n dá, kò sì ní ba físà náà jẹ́.

Ní Nàìjíríà, òfin UBE (ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ) ti 2004 ló wà nídìí ọ̀rọ̀. Ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba àpapọ̀ ń lọ sọ́dọ̀ UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ètò náà. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ ìpín tirẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé owó tirẹ̀ kalẹ̀ kí SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀ náà, tó fọwọ́ kàn án. Bí gómìnà kò bá gbé e kalẹ̀, owó á jókòó sí Àbújá. Tí ó bá sì dé, ọwọ́ agbaṣẹ́ṣe ló sábà ń bọ́ sí: bùlọ́ọ̀kù, àga, òrùlé. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń béèrè ọmọ tí kò ní ìwé. Yunifọ́ọ̀mù àti owó PTA ṣì wà lọ́rùn òbí, bí òfin tilẹ̀ ní ọ̀fẹ́ ni.

Ti England náà ní àléébù. Òfin kò ní kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ná £1,515 náà lórí ọmọ yẹn gan-an, nítorí náà nígbà tí owó bá há, àwọn kan ń fi í san owó oṣù olùrànlọ́wọ́ tíṣà. Èyí tó dára jù lójú wa ni kí wọ́n fi owó náà kó ọmọ méjì sí márùn-ún jọ láti kọ́ wọn ní ìwé kíkà fún ìdajì wákàtí, ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ó máa ń bàjẹ́ tí wọ́n bá fa ọmọ jáde nígbà tí kíláàsì ń kọ́ ìṣirò tuntun: ó kàwé tán, ìṣirò ti fò ó. Kí 31 oṣù kejìlá tó pé, ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ gbé àlàyé ìnáwó yìí sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kà á, kí ẹ sì béèrè ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fa ọmọ yín kúrò nínú rẹ̀.