Orúnkún là ń fi òróró pa, ìbàdí ni àrùn wà

Ó ju ọdún kan lọ tí ìyá mi fi ń fi òróró pa orúnkún ọ̀tún wọn lálaalẹ́ ní ilé wa ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè, tí èmi náà ń fi aṣọ tí a rì sínú omi gbígbóná jó o fún wọn, kí a tó mọ̀ pé kò sí ohun tí ó ṣe orúnkún náà. Oríkèé ìbàdí ni àrùn wà.

Àmì rẹ̀ kò fara pa mọ́. Wọn kò lè tẹ̀ gé èékánná ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́, àbúrò mi ni ó ń bá wọn gé e. Bí wọ́n bá fẹ́ wọ ọkọ̀, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń gbé itan náà wọlé. Bí wọ́n bá sì dìde lórí àpótí tí wọ́n ti ń bó iṣu, wọ́n á dúró díẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó gbà láti rìn. A ní àgbà ni.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ dókítà eegun, ó ní kí wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ náà, ó sì rọra yí i sínú. Wọ́n lọgun. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ibo gan-an ni ó ti ń dùn yín?" Ibi tí itan ti pàdé ìsàlẹ̀ ikùn ni wọ́n fọwọ́ sí.

Orí egungun itan rí rogodo, ó sì ń yí nínú ihò egungun ìbàdí bí orí ọmọ odó nínú odó. Kerekere tí ń dán ni ó bo méjèèjì kí egungun má baà máa ha egungun. Kerekere yìí ni ó ti gbó. Àwòrán X-ray fi hàn pé àyè àárín ti fún, egungun sì ti hù sí etí rẹ̀. Iṣan ìmọ̀lára kan náà ni ó ń ṣiṣẹ́ fún ìbàdí àti orúnkún, ìdí nìyí tí ìrora fi ṣì wá lọ́nà.

A ti ra oògùn lẹ́búlẹ́bú kan rí tí ó mú ìrora lọ láàárín ọjọ́ méjì, tí ojú wọn sì wú. Irú rẹ̀ lè ní steroid nínú, oògùn líle tí ń pa ìrora àti wíwú, èyí tí ó lè pa orí egungun itan gan-an bí a bá ń lò ó pẹ́. Ní ti omi gbígbóná Ìkógòsì tí àwọn aládùúgbò ní kí a lọ wẹ̀, ooru a máa mú ara rọ̀, ṣùgbọ́n kò lè hu kerekere.

Bí irú ìrora bẹ́ẹ̀ bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ó ń jí ènìyàn lóru tàbí tí ó ń mú un tiro, kí ó lọ rí dókítà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣubú tí kò lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹni tí ibà bá ìrora ìbàdí rẹ̀ rìn, tàbí ọ̀dọ́ tí ó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde tí ìbàdí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn, ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n gbé e lọ.

Ìyá mi kò tíì nílò iṣẹ́ abẹ tí a fi ń pààrọ̀ oríkèé. Eré ìdárayá tí wọ́n kọ́ wọn, parasitamọ́ọ̀lù àti ọ̀pá ni a fi ń ṣe é. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ti ń fi mú ọ̀pá náà tẹ́lẹ̀, níhà ẹsẹ̀ tí ń dùn. Dókítà ní kí wọ́n gbé e sí òsì, kí ó lè gba ẹrù kúrò lára ìbàdí ọ̀tún. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi bá mi jà lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ ọjà tí ó kọjá, wọ́n fi òsì mú un sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ó wà níwájú ilé wa, wọn kò sì dúró sinmi títí wọ́n fi dé títì.