Kóńgò tó tẹ̀ wọnú

Lánàá lọ́jà Òkè-Àjé, Ìjẹ̀bú-Òde, mò ń wọn gààrí fún ìyá àgbà kan. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìdí kóńgò rẹ ti tẹ̀ wọnú o." Mo yí i wò. Òótọ́ ni. Ara mi bù máṣọ.

N kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, àmọ́ ọjọ́ mélòó ni mo ti fi ń tà? Ìbẹ̀rẹ̀ orí 83 nínú Àlùkùránì ló sọ sí mi lọ́kàn: ègbé ni fún àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù. Èmi tí mo kírun Àsùbáà láàárọ̀ yẹn, tí mo gbà pé Ọlọ́hun ń rí mi!

Mo bu ẹ̀kúnwọ́ méjì lé ti ìyá. Mo ra kóńgò tuntun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra gààrí lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá gba ìyókù. Kì í ṣe èènì, ẹ̀tọ́ yín ni.