Fíríìsà tí wọ́n ní wọn ò fọwọ́ kàn rí

"Tòkunbọ̀ gidi ni, ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kan gáàsì rẹ̀." Ohun tí ọ̀gbẹ́ni tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kọ sábẹ́ fọ́tò fíríìsà tí mo rà fún màmá mi nìyẹn. Omi tútù ni wọ́n ń tà ní Sábó, Ìkòròdú níbí.

Bó ṣe dé, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Gáàsì R600a ni wọ́n kọ sára fíríìsà, R134a ló wà lára kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ́ńjìnnì tó ń ti gáàsì káàkiri inú rẹ̀! Ẹ̀yin ará, gáàsì méjèèjì yìí ò bára wọn tan rárá. Wọ́n ti pààrọ̀ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ nìyẹn, kódà ojú ibi tí wọ́n ti jó páìpù pọ̀ ṣì dúdú.

Mo ya fọ́tò gbogbo rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gbẹ́ni tó tà á. Ó ní, "Àǹtí mi, ṣé kò tutù ni?" Inú bí mi gan-an. Iye tòkunbọ̀ gidi ló gbà lọ́wọ́ wa! Mo ní òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018 fàyè gbà wá láti dá ọjà tí kò bá àpèjúwe rẹ̀ mu padà, àti pé ohun tó kọ ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ó ti dá owó fíríìsà padà. Owó ọkọ̀ ló kù, mo sì ń bèèrè rẹ̀.