Àáró la ń bá ará òkè òkun ṣe

Ọ̀pọ̀ ẹbí ní Abẹ́òkúta yìí ló ní ọmọ lókè òkun, tí ọmọ náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó wà láàyè, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń fowó ránṣẹ́ níparí oṣù, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí ìyá rẹ̀ sọ orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀, kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n rò pé owó ló ń so ilé mọ́ ìdálẹ̀. Mo ti rí ibi tí owó ń wọlé dáadáa tí ọmọ ìyá méjì ò sì lè bára wọn sọ̀rọ̀ ju ìkíni lọ.

Aṣọ àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú. Èmi ni àkọ́bí ìyá wa. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní Houston ní Amẹ́ríkà, àbúrò wa obìnrin wà ní Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará ilé ìyá wa sì wà ní Kétu ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Èmi ni gbogbo wọn ń pè. Kí fóònù alágbèéká GSM tó dé Nàìjíríà ní 2001, nígbà tí lẹ́tà ṣì ń pẹ́ lọ́nà, ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ síso ẹbí pọ̀ yìí.

Gbogbo ọmọ Ẹ̀gbá ló gbọ́ ìtàn àáró Lísàbí. Àwọn àgbẹ̀ á kóra jọ sóko ẹnìkan lónìí, lọ́jọ́ mìíràn wọ́n á lọ sí ti ẹlòmíràn. Kò sí ẹni tí wọ́n á máa bá ro oko títí, tí òun ò ní í gbé ọkọ́ lọ sóko ẹnikẹ́ni. Bó ṣe yẹ kí ọ̀rọ̀ ilé àti òkè òkun rí nìyẹn lójú tèmi. Àwa tá a wà nílé ti sọ ọ́ di pé oko tiwa nìkan ni wọ́n ń ro. A ó ní, kí la ní tá a lè fún ẹni tó ń gba pọ́n-ùn?

Ohun tá a ní pọ̀. Ta ló máa lọ tò fún ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ̀ ní ọ́fíìsì àjọ tó ń ka èèyàn? Ta ló máa lọ jókòó nílé ẹ̀kọ́ tó ti jáde títí wọ́n á fi fi èsì ìdánwò rẹ̀ ránṣẹ́? Ta ló máa lọ wo ilẹ̀ tó rà lọ́nà Ayétòrò kí wọ́n má baà tún un tà fún ẹlòmíràn? Ta ló máa lọ síbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó máa kúnlẹ̀ kí ìyá ìyàwó, tó máa sọ pé “lágbájá ló ní kí n wá ṣojú òun”? Tí mo bá jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, owó ọkọ̀ àti owó ìwé nìkan ni mo ń gbà, màá sì ya rìsíìtì ránṣẹ́. Ọjọ́ tó bá wá kàn mí láti béèrè nǹkan, kì í ṣe alágbe ló ń béèrè.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ló gba sùúrù jù. Àbúrò mi obìnrin ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Leeds. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta 2024, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò gba ẹni tó bá fi irú iṣẹ́ yẹn wọlé láàyè mọ́ láti mú ọkọ tàbí ọmọ dání. Ẹ̀yìn òfin yẹn ló lọ, nítorí náà ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ ládùúgbò wa. Mo ti gbọ́ èyí tó ń pe ìyá rẹ̀ ní “àǹtí inú fóònù”, àyà mi sì já.

Mi ò jẹ́ kí àbúrò mi di àlejò ọjọ́ Sátidé. Ìwé tí wọ́n bá fún ọmọ nílé ẹ̀kọ́, ìyá rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ ya á ránṣẹ́ sí. Bí tíṣà bá ní kí òbí wá, màá lọ, màá sì pe ìyá rẹ̀ sórí fóònù níbẹ̀ kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀. Ṣé kó dirun ni àbí kó gé e, ṣé kó bá wọn lọ sí Òkè Olúmọ, ìyá rẹ̀ ló ń dáhùn. Bí mo bá ní èrò tó yàtọ̀, etí àbúrò mi nìkan ni mo máa ń sọ ọ́ sí, ọmọ ò gbọdọ̀ gbọ́.

Ẹ mọ aago àwọn èèyàn yín. Láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹta títí di èyí tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, aago Leeds àti tiwa bára mu. Nígbà òtútù, wákàtí kan ni wọ́n fi wà lẹ́yìn wa. Iṣẹ́ òru pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà ìrọ̀lẹ́ la máa ń pè é kó tó wọṣọ iṣẹ́. Màá gbé fóònù ti ògiri ní kíṣìnì. Ọmọ ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ìyá rẹ̀ ń lọ aṣọ, wọ́n lè pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Ó ń jẹ dátà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí mò ń fi dátà ṣe tó níyì tó ìyẹn. Ọmọ tó bá mọ orin tí ìyá rẹ̀ ń kọ nídìí iṣẹ́ ilé kò ní í máa dá a lóhùn bí ẹni tí ọlọ́pàá ń bi léèrè ọ̀rọ̀.

Mi ò kì í fi ìyá halẹ̀ mọ́ ọmọ, mi ò sì kì í purọ́ fún un pé ó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ó bá ní òun ò bá a sọ̀rọ̀ lónìí, mi ò ní í fi tipá fà á wá. Màá sọ fún àbúrò mi pé inú ń bí i, kó jẹ́ ká gbìyànjú lọ́la. Ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú sí ẹni tí àárò rẹ̀ ń sọ.

Ti Houston yàtọ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti bí àwọn ọmọ. Ìyá wa ló di tiwọn mú. Aago 1 ọ̀sán lọ́dọ̀ wa jẹ́ aago 7 àárọ̀ lọ́dọ̀ wọn (aago 6 ni nígbà òtútù tiwọn), àsìkò tí wọ́n ń múra ilé ẹ̀kọ́. Ìyá wa á ki ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sórí WhatsApp, á fi oríkì orúkọ bẹ̀rẹ̀, á fi ti ilé wa parí, bàbá wọn á sì tẹ̀ ẹ́ sí i fún wọn nínú ọkọ̀. Ìyá wa ò mọ̀wé kọ. Mo kọ́ ọ ní ibi tó máa tẹ̀ tí ohùn á fi wọlé, ó tán. Èyí àgbà nínú àwọn ọmọ náà ti ń kí i padà ní Yorùbá, ó ń ṣi ohùn gbé, ìyá wa ò sì tún un ṣe fún un. Ó ní kó kọ́kọ́ máa sọ ọ́ ná.

Ẹ gba nọ́ńbà ẹlòmíràn tó wà nítòsí ẹni yín. Ní oṣù kejì 2021, òtútù líle kan jà ní Texas, iná mànàmáná kú nílé àìmọye èèyàn, fóònù àbúrò mi náà sì kú. Ìyá wa ò lè jẹun. Nọ́ńbà arábìnrin kan tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì la pè, òun ló sọ fún wa pé ilé òun ni gbogbo wọn wà. Ẹ wo Àjàyí Crowther: wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, ní Abẹ́òkúta wa níbí ni òun àti ìyá rẹ̀ ti tún fojú kanra ní 1846. Ìyá yẹn kò gba lẹ́tà kankan ní gbogbo ọdún 25 yẹn. Ẹnu èèyàn ló gbé ìròyìn ọmọ rẹ̀ dé etí rẹ̀. Nítorí náà, mò ń béèrè orúkọ onílé wọn, ti ọ̀rẹ́ wọn, ti ẹni tí wọ́n jọ ń wọkọ̀. Èmi náà ń sọ ẹni tó bímọ nínú ọgbà wa fún wọn àti ẹni tó kó lọ, kó má baà di pé wọ́n dé tí wọn ò mọ ẹnì kankan.

Ọ̀rọ̀ owó, mi ò ní í pẹ́ lórí rẹ̀. Ìwádìí Báńkì Àgbáyé fi hàn pé bí èèyàn bá fi 200 dọ́là ránṣẹ́ sí ìhà wa ní Áfíríkà, nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 ló ń bá owó ìfiránṣẹ́ lọ. Ẹ kó o pọ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sàn ju díẹ̀díẹ̀ lọ. Ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ owó mọ́ ìkíni. Tí mo bá fẹ́ béèrè, mo máa ń kọ ọ́ ránṣẹ́ lọ́tọ̀, kí ẹni náà lè ráyè sọ pé kò sí láìsí ìtìjú.

Ẹrù oúnjẹ ńkọ́? Ẹ má di ẹran tàbí pọ̀nmọ́ sínú ẹrù tó ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á gbà á ní pápákọ̀ òfuurufú. Wọ́n gba ẹja, títí dé kílò 20 fún èèyàn kan. Láfún ni mo máa ń kọ́kọ́ dì, lẹ́yìn náà ẹja gbígbẹ, lẹ́yìn náà àdìrẹ láti inú ìdì kan náà tí àwa nílé rán, kí gbogbo wa lè jọ wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ ọdún.

Kétu ló sún mọ́ wa jù, òun ló sì rọrùn jù láti gbàgbé nítorí kò sí dọ́là níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ààlà sáàárín wa ní 1889, ìyẹn ò ní kí ẹbí má jẹ́ ẹbí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè ilẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2019, tí kò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i títí di oṣù kejìlá 2020, fóònù nìkan la fi ń mọ ẹni tó ń ṣàìsàn. Láti ìgbà náà mi ò fi ìbẹ̀wò Kétu falẹ̀ mọ́. Kò gba físà. Ẹ máa lọ.

Ìròyìn ikú ò gbọdọ̀ gba orí WhatsApp ẹbí dé etí ẹni tó wà nídàálẹ̀. Nígbà tí bàbá wa relé, ẹni tó wà nítòsí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni mo kọ́kọ́ pè, mo ní kó lọ dúró tì í títí á fi ti ibi iṣẹ́ dé, kí n tó pe òun fúnra rẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin ò lè wá, ìwé rẹ̀ wà níwájú ìjọba. A ní kó yan aṣọ ẹbí. Lọ́jọ́ ìsìnkú, àwọn àgbà ilé wa dúró kí ohùn rẹ̀ jáde lórí fóònù, kó dágbére fún bàbá rẹ̀, kí wọ́n tó gbé òkú jáde. Ẹni tí a ṣe irú rẹ̀ fún kò ní í rò pé owó òun nìkan la mọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún, ẹ jẹ́ ká rí iṣẹ́ yín. Ọjọ́ tí àbúrò mi ya fídíò ara rẹ̀ ránṣẹ́, tó ń dúró de bọ́ọ̀sì nínú òkùnkùn àárọ̀, ni ìyá wa bẹ̀rẹ̀ sí í bi í pé ṣé ó ti sùn, kó tó béèrè ohunkóhun mìíràn.

Ní báyìí, mò ń kọ́ ọmọ mi àgbà ní gbogbo rẹ̀. Nọ́ńbà ẹbí wà nínú ìwé kan nílé, kò sí nínú fóònù tèmi nìkan. Àwọn ọmọ tó ti dàgbà ti ní WhatsApp tiwọn: Faransé ni ti Kétu ń kọ́ nílé ẹ̀kọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni ti Houston ń sọ, Yorùbá ni gbogbo wọn jọ ní, òun ni wọ́n sì fi ń jiyàn bọ́ọ̀lù. Ẹ ṣí irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ yín, kẹ́ ẹ sì kúrò níbẹ̀ kí wọ́n lè ráyè sọ̀rọ̀.